Màámi ní Ìdí Fúrúùtù

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ti pẹ́ ní Yábàá, ẹ ní kó júwe ọ̀nà fún yín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á ní kí ẹ wo fóònù yín. Ẹni tó ti pẹ́ á ní, "Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí ilé sinimá wà tẹ́lẹ̀, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì nígbà kan, ẹ má dúró níbẹ̀ o, ẹ máa lọ títí tẹ́ ẹ máa fi dé ibi tí ẹ̀rọ omi wà kí wọ́n tó hú u." Nǹkan mẹ́ta ló kà sílẹ̀ yẹn, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó ṣì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ á mi orí, á dúpẹ́, á sì débi tó ń lọ.

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni Màámi. Aránṣọ ni wọ́n. Yàrá iwájú ilé wa ní Múṣin ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn tọ́ wa: yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-kéú, bùbá àwọn ìyá àdúgbò, ṣòkòtò àwọn tó ń lọ kírun Jímọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n fi ń lọ sí Yábàá, kí wọ́n lọ ra òwú, bọ́tìnnì, sípù àti rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ ìdí yẹ̀rì. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ ló kù tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ará ilé. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ò yí padà. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó já lára ẹ̀wù ọmọdé ti tó mú wọn wọ bàtà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ igi kan kí n tó máa lọ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, igi fúrúùtù ńlá kan wà ní Yábàá, létí títì tó lọ sídìí rélùwéè. Ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìjẹun. Tí èso rẹ̀ bá pọ́n tó bọ́ sílẹ̀, a máa jẹ ara rẹ̀ títí ahọ́n wa á fi yí àwọ̀, a máa wá fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ nítorí ohun kékeré funfun tó wà nínú rẹ̀. Abẹ́ igi yẹn ni Màámi ti máa ń sinmi tí wọ́n bá rajà tán. Àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe ti gé e lulẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gé e, ó sì wálé wá sọ fún wa bí ẹni tó lọ síbi òkú.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Àdúgbò Àgùdà ló ń gbé. A jọ dàgbà ni, n kì í sọ "ẹ" sí i àfi tó bá ń bínú. Lọ́jọ́bọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, ó pe Màámi lórí fóònù lọ́sàn-án.

"Màámi, ibo lẹ wà?"

"Mo wà ní Ìdí Fúrúùtù. Mò ń sinmi díẹ̀."

"Ìdí kí ni?"

"Ìdí Fúrúùtù. Ṣé o ti gbàgbé ibẹ̀ ni?"

Bí fóònù ṣe kú nìyẹn, nítorí Màámi kì í rántí fi iná sí i. Ẹ̀gbọ́n mi fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wọkọ̀, ó forí lé Yábàá. Ó rìn sókè, ó rìn sódò. Ó ń bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n rí màmá arúgbó kan lábẹ́ igi. Wọ́n ń bi í pé igi wo. Òun fúnra rẹ̀ kò dá ibi tí igi náà wà mọ̀ mọ́, ilé alájà gogoro ló ń bá níbi gbogbo tó bá yíjú sí. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ó wọkọ̀ lọ sí Múṣin, ó bá Màámi níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀bà.

Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí ló dé tó o làágùn báyìí? Ta ló ń lé ẹ?"

Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti mọ̀ láti inú ohùn rẹ̀ pé "ẹ" ni màá sọ.

"Ọpọlọ wọn ti ń rẹ̀ wọ́n," ó ní. "Igi tí mo fojú ara mi rí tí wọ́n gé, wọ́n ní àwọn wà nídìí ẹ̀."

"Bóyá wọ́n kàn ṣì í sọ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Bóyá kọ́. Tẹ̀ lé wọn lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Má júwe ọ̀nà fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n máa mú ẹ lọ. Tó o bá rí i pé wọn ò mọ Yábàá mọ́, ó parí. Kí wọ́n jókòó sílé, ohun tí wọ́n bá fẹ́, a máa rà á wá fún wọn."

Mo ní mo ti gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí iṣẹ́ tó rán mi. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í rán Màámi níṣẹ́, tí wọn kì í gbé ọmọ-ọmọ sí wọn lọ́rùn, tí wọn kì í bi wọ́n bóyá wọ́n ti lo oògùn. Tí a bá gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn, kí ló máa kù?

Nígbà tí mo dé Múṣin láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti wọṣọ, wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì wọn lórí itan. Wọn ò jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán.

"Ṣé ìwọ ni ó rán?"

"Ta ló rán mi, Màámi?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ. Kó o wá wò mí bóyá orí mi ti dàrú." Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. "Kò burú. Tó o bá máa wò mí, wò mí dáadáa. Ohun tó o bá rí gan-an ni kó o lọ sọ fún un, má fi iyọ̀ sí i. Torí mo ti pinnu lọ́kàn mi: tẹ́ ẹ bá ní kẹ́nì kan máa fà mí lọ́wọ́ lọ, n ò ní lọ mọ́ rárá."

Bí a ṣe jáde nìyẹn. A wọ kẹ̀kẹ́ dé Ojúẹlẹ́gba, a wọ òmíràn tó ń lọ sí Yábàá. Mo rò pé màá rí arúgbó tí ojú ń pọ́n nítorí pé ohun tó mọ̀ ti lọ. Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn. Ojú Màámi ń dán bí ojú ẹni tó ń lọ wo ọmọ tuntun. Wọ́n ń fi ìka júwe ilé fún mi nínú kẹ̀kẹ́.

"Wo ìyẹn. Wọ́n ti tún kùn ún. Àwọ̀ yìí dáa ju ti èṣín lọ."

"Ilé wo, Màámi?"

"Èyí tó ní gíláàsì yẹn. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí kò ní fèrèsé. Èmi ni mo rán kọ́tìnnì fún ìyàwó ilé náà, kọ́tìnnì yẹn ni wọ́n fi ṣe fèrèsé fún odidi ọdún kan. Báyìí ó ti di ibi tí àwọn ọmọ ti ń tẹ kọ̀ǹpútà. Afẹ́fẹ́ tútù ló wà níbẹ̀. Mo ti wọlé rí."

"Kí lẹ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo lọ wo kọ́tìnnì wọn."

A sọ̀ kalẹ̀ ní Yábàá, ariwo gbà wá mọ́ra. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọjá pẹ̀lú báàgì kọ̀ǹpútà lẹ́yìn, orúnkún ṣòkòtò wọn ya. Ìyẹn nìkan ni Màámi kò tíì lè gbà nínú Yábàá tuntun. Wọ́n dá ọmọkùnrin kan dúró, wọ́n ní kó wá sí Múṣin kí àwọn bá a lẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé pé bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí òun rà á. Màámi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, wọ́n ní, "Ẹni tó rán ṣòkòtò yẹn náà ti gbowó iṣẹ́ àṣekù."

Ọ̀rẹ́ wọn tó ń ta bọ́tìnnì ni a ń lọ bá, òdìkejì rélùwéè ló wà. Ibí ni mo ti ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má ṣe. Mo rí i pé Màámi ń yí lọ sápá òsì, níbi tí èrò pọ̀ sí, mo bá dì wọ́n lápá mú.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká gba ibí. Ó yá jù."

Wọ́n dúró. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ibí kọ́ ni mò ń gbà lọ iléèwé ni? Mo mọ ibí bí ẹni mọ inú yàrá."

"Kò burú. Ṣáájú."

Mo ṣáájú. Mo gba ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù, mo gba àárín àwọn tó ń ta báàgì, àyà mi le. Nígbà ayé wa, ẹsẹ̀ ni a fi ń kọjá lórí irin. Àwọn ọlọ́jà á tẹ́ aṣọ àti tòmátì sórí irin náà gan-an. Tí rélùwéè bá fun fèrè, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ á kọjá, èéfín á gba ojú wa, kẹ́ ẹ tó yíjú padà wọ́n ti tún tẹ́ ẹ. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo mú Màámi lọ kan ògiri. Ògiri gíga ni, ó lọ sápá ọ̀tún, ó lọ sápá òsì, kò ní ìlẹ̀kùn.

Ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe jókòó sídìí ògiri náà. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹrin láàárọ̀ yìí."

"Ìkẹrin kí ni?"

"Àwọn tó mọ Yábàá." Ó fi eyín já okùn tó fi ń rán bàtà. "Ẹni tí ò mọ Yábàá rí, afárá ló máa gbà tààrà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló máa ń wá bá mi níbí."

Màámi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé ọwọ́ lé ògiri náà kí wọ́n má baà ṣubú. Èmi náà kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Alátúnṣe bàtà náà gbé àpótí fún Màámi kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín tán lórí ìjókòó.

"Má bínú," wọ́n ní, wọ́n ń fi etí ìborùn nu ojú. "Èmi náà ti wá síbí lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta ni mo tó gba afárá. Mo fẹ́ kó o rí i fúnra ẹ ni."

A padà, a gba afárá. Màámi ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ wọn lórí irin. Nígbà tí a dé òkè, rélùwéè tuntun gba abẹ́ wa kọjá, ó ń yọ̀ lọ bí ẹja, kò rú èéfín kankan. Mo wo Yábàá láti òkè. Mo ń wá àwọn òrùlé páànù tó dípẹtà tí mo mọ̀, mo rí tàǹkì omi, àwo tẹlifíṣọ̀n, ilé tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ sókè. Mo wá bi ara mi léèrè ìgbà tí mo wo ibẹ̀ kẹ́yìn, kì í ṣe pé mo gba ibẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀, pé mo dúró mo wò ó. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá dáadáa. Ọjọ́ méje méje ni Màámi ń wò ó ní tiwọn, ọjọ́ ọjà sí ọjọ́ ọjà. Bí ìlú ṣe ń yí ni wọ́n ń bá a yí.

Ọ̀rẹ́ wọn wà ní àjà kẹta ilé kan lódìkejì. Mo rò pé a ó tún gun òkè.

"Rárá o. Orúnkún mi ti gun tòní tán." Màámi dúró sísàlẹ̀, wọ́n gbé orí sókè. "Alábọ́tìnnì o."

Orí kan yọ lójú fèrèsé, gèlè pupa. "Aránṣọ. Ṣé o ò tíì fẹ̀yìn tì ni?"

"Ìwọ ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ni mo ti mọ̀ ẹ́. O bọ́ sí àjà kìíní, o tún bọ́ sí ìkẹta. Ṣé ọ̀run lò ń kó ṣọ́ọ̀bù lọ ni?"

"Wọ́n ń kọ́ ìkẹrin lọ́wọ́. Má wulẹ̀ sáré."

Apẹ̀rẹ̀ kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn. Màámi fi bọ́tìnnì kan àti owó sínú rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ gòkè. Láàárín ìgbà tí ìyá òkè fi ń wá èyí tó bá a mu, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ dídùn, wọ́n sọ̀rọ̀ ìyàwó tí ọmọ ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, gbogbo rẹ̀ láti àjà kẹta sí ilẹ̀, àwọn tó ń kọjá sì ń dá sí i. Apẹ̀rẹ̀ padà wá pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́fà àti ẹ̀pà sísun nínú bébà.

"Ẹ̀pà yẹn, ti ọmọ ẹ ni," ìyá náà ní. "Ṣé òun ni wọ́n rán kó wá wò ẹ́?"

Gbogbo Yábàá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi.

Nígbà tí a padà sódìkejì, Màámi ní ó tó àkókò láti sinmi. Wọ́n lọ tààrà sí ìdí ọmọbìnrin kan tó ń ta jíńsì òkìríkà, létí títì, níwájú ilé alájà mẹ́rin. Ọmọ náà ti gbé àga sílẹ̀ kí a tó débẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ káàbọ̀. Jíńsì yín ṣì wà nílẹ̀ o, n ò tíì tà á."

"Ìdí wo ni màá fi wọ̀ ọ́?"

"Ẹ ní ìdí, Mọ́mì. Ẹ kàn ń fi pa mọ́ fún wa ni."

Màámi ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí fóònù ọmọ náà dún. Oníbàárà ni, ó fẹ́ mọ ibi tó máa bá a. Mo gbọ́ ohun tó sọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì.

"Ìdí Fúrúùtù ni mo wà. Ẹ ṣáà sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé Ìdí Fúrúùtù, ó máa já yín sí iwájú mi."

Ẹ̀pà dúró sí mi lẹ́nu. Mo dúró títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Àbúrò, ibí yìí ni Ìdí Fúrúùtù?"

"Ibí náà ni, Àǹtí."

"Igi náà dà?"

"Igi wo?"

"Igi fúrúùtù."

Ó wò mí, ó wo Màámi. "Ṣé igi ni? Mo rò pé orúkọ baba kan ni. Bàbá Fúrúùtù, bóyá òun ló nilẹ̀."

Obìnrin tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá sí i. "Baba ni. Wọ́n ní ó ga gan-an."

"Ó ga lóòótọ́," Màámi ní. "Ó tún ń so lọ́dọọdún."

Màámi wá sọ ìtàn igi náà fún wọn, bó ṣe fẹ̀ tó, bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń sọ òkò sí i, bí adìyẹ ṣe máa ń sùn lórí ẹ̀ka rẹ̀. Ọmọbìnrin náà béèrè ibi tó dúró sí gan-an. Màámi fi ẹsẹ̀ hàn án: abẹ́ òkìtì jíńsì rẹ̀ ni. Ó gbé díẹ̀ nínú ọjà rẹ̀ kúrò, ó wo ilẹ̀ kọnkéré náà, ó tún dá ọjà padà jẹ́jẹ́. Ó ní ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi máa ń tutù sí òun lára. Oníbàtà ní irọ́ ni, baba ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi wá yé mi. Igi ló ń béèrè kiri. Ká ní ó bi ẹnì kan ṣoṣo pé ibo ni Ìdí Fúrúùtù, wọn ì bá fà á lọ́wọ́ dé iwájú Màámi. Igi ti lọ, orúkọ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúró dè wá ní Múṣin, ojú rẹ̀ dà bíi ti adájọ́. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n jókòó.

"Ṣé wọ́n mọ̀nà?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi iyọ̀ sí i. Mo sọ ti ọmọ oníjíńsì, mo sọ ti Bàbá Fúrúùtù. Nígbà tí mo dé ibi ògiri, ó yí ojú kúrò lára mi.

"Ṣé èyí tí alátúnṣe bàtà wà nídìí ẹ̀ ni?" ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

Màámi gbé bọ́tìnnì tí wọ́n ń kà sílẹ̀. "Ìwọ náà débẹ̀?"

"Ó ní èmi ni ìkẹfà lọ́jọ́ yẹn," ẹ̀gbọ́n mi ní, ẹ̀rín sì ṣẹ́gun rẹ̀. Àwa mẹ́ta la jọ rín in.

Nígbà tó parí, ó ní kí Màámi máa lọ, kí wọ́n ṣáà máa fi iná sí fóònù. Màámi ní àwọn gbà. Ṣùgbọ́n tí àwọn bá sọ ibi tí àwọn wà, kó gba àwọn gbọ́. Ó ní òun gbà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n fọwọ́ pa á lórí.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi wà níbi iṣẹ́ mi. Ìrọ̀lẹ́ ni mo yà ní Múṣin, mo bá Màámi tí wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ojú wọn ń dán. Wọ́n ní àwọn ti rajà tán ní Yábàá, ó wá wu àwọn láti fi rélùwéè padà wálé. Obìnrin kan tó jókòó ti àwọn fi hàn àwọn bí wọ́n ṣe ń lo káàdì. Nígbà tí ọkọ̀ dé Múṣin, àwọn ò sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ló dé, Màámi?"

"Mo fẹ́ mọ ibi tó ń parí sí."

Wọ́n lọ dé òpin, wọ́n jókòó níbẹ̀ jẹ ọsàn, wọ́n dúró de èyí tó máa padà. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn ni rélùwéè ń gbà, gbogbo ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún ará iwájú ilé ni àwọn rí. Ọjà kan wà lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn, àwọn ò tíì dé ibẹ̀ rí láyé àwọn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn máa wọ̀ ọ́. Wọ́n ní tí mo bá ráyè, kí n wá, ṣùgbọ́n kí n tètè dé, torí àwọn ò ní dúró dè mí.